Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, màálù mi sì ń bímọ lọ́wọ́: báwo ni kí n ṣe é?

Ìbéèrè: "Ọdún kejì rèé tí mo ti ń sin màálù, ogún abo àti akọ kan, mo sì ń gbin àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ pápá wọn. Èmi àti ìyàwó mi la ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọmọ wa àgbà a máa ràn wá lọ́wọ́ lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí a jọ wà ládùúgbò gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n bá wa ri òpó ọgbà, wọ́n yá wa ní katakata. Ní báyìí wọ́n ní kí n wá ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, a sì ní àáró tí a gbọ́dọ̀ san padà. Ṣùgbọ́n ọmọ màálù méjì ló kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá nígbà tí a wà lóko ẹlòmíràn. Aládùúgbò kan tún wà tó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn tí kì í san án. Báwo ni èèyàn ṣe ń jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gidi láìba oko tirẹ̀ jẹ́?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì pẹ̀lẹ́ fún àdánù ọmọ màálù méjèèjì.

Ẹ gba ipò akọ̀wé náà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fún wọn lésì. Ẹ kọ́kọ́ gbé kàlẹ́ńdà kalẹ̀, kí ẹ ka ọjọ́ tí àwọn màálù yín yóò bímọ. Ìfẹ́ tí ẹ ní sí àwọn aládùúgbò yín kọ́ ni yóò sọ ohun tí ẹ lè ṣèlérí fún wọn, oyún tó wà nínú agbo yín ni. Àgbẹ̀ tó bá ń fi ojú àánú ṣèlérí kì í pẹ́ di ẹni tí kì í mú ìlérí ṣẹ. Ẹgbẹ́ a sì máa tètè dárí ji ẹni tó sọ pé òun ò ní ráyè ju ẹni tó ní òun ń bọ̀ tí wọn ò rí lọ.

Oyún màálù máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 283, ó lè fi ọjọ́ mélòó kan dín tàbí kó fi lé. Bí akọ bá wọ inú agbo ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ẹ máa retí ọmọ àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn máa ń fi akọ sílẹ̀ sáàárín abo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ohun tó ń tìdí ẹ̀ jáde ni pé ọmọ ń bọ́ lóṣooṣù, kò wá sí ọ̀sẹ̀ kan tí onílé lè fi ọkàn balẹ̀ jáde. Mo fura pé bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ẹ yọ akọ náà kúrò lẹ́yìn ọjọ́ 63. Ọjọ́ 21 ló máa ń wà láàárín ìgbà tí abo ń wá akọ kan àti èkejì, nítorí náà ọjọ́ 63 fún abo kọ̀ọ̀kan láǹfààní mẹ́ta. Akọ tó wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà yóò jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, ọmọ ìgbẹ̀yìn yóò sì bọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni gbogbo ìbímọ ọdún kan yóò gbà lọ́wọ́ yín. Akọ kan tó ti dàgbà lè bójú tó abo 25 sí 30, ogún tiyín kò pọ̀ jù fún un. Abo tí kò bá lóyún lẹ́yìn àǹfààní mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá sí àìsàn tó ṣeé wò, ẹ tà á. Ẹ má sì fi akọ náà nìkan sí ọgbà rẹ̀. Ẹ fi ẹgbọrọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa fi orí já ọgbà wá àwọn yòókù, ọgbà aládùúgbò ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ìgbà wo ni kí ọmọ máa bọ́? Ìgbà tí koríko tútù bá ń yọ ló dára jù, torí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ń jẹun gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbà yẹn kan náà ni a máa ń gbin àgbàdo. Fún ẹni méjì tí kò ní òṣìṣẹ́, ó sàn kí ẹ jẹ́ kí ìbímọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú ìgbà yẹn, kí ẹ sì tọ́jú koríko gbígbẹ tó dára dè é, ju pé kí ẹ máa fi òru ṣọ́ màálù kí ẹ sì máa fi ọ̀sán gbin àgbàdo. Koríko yẹn yóò ná yín lówó o, mi ò ní pa irọ́ fún yín.

Ní báyìí, ẹ fi bírò pupa kun ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ìbímọ, kí ẹ tún kun ọ̀sẹ̀ ìgbìn àti ti ìkórè. Ohun tó ṣẹ́ kù lójú kàlẹ́ńdà ni ẹ lè fún ẹlòmíràn. Nínú ohun tó ṣẹ́ kù yẹn pàápàá, ẹ má ṣèlérí ju ìdajì lọ, torí òjò, ibà àti ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ni yóò jẹ ìdajì kejì.

Lórí ọmọ màálù méjì tó kú: mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì ló sábà máa ń pa ọmọ lójú ọjọ́ tí kò sẹ́ni nílé. Èkíní ni pé ìyá rọbí tì. Bí àpò omi bá ti yọ tí abo sì ti ń rọbí, èyí tó ti bímọ rí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 1 lọ kí ìlọsíwájú tó hàn. Èyí tó ń bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́, wákàtí 1. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rí ni ẹsẹ̀ iwájú méjì tí àtẹ́lẹ̀ pátákò wọn kọjú sílẹ̀, kí imú sì wà lórí wọn. Bó bá jẹ́ ìrù lẹ rí, tàbí ẹsẹ̀ kan, tàbí orí láìsí ẹsẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀.

Èkejì ni pé ọmọ kò mu wàrà àkọ́kọ́ lásìkò. Ọmọ màálù kì í bá ààbò kankan wáyé, inú wàrà aláwọ̀ ìyeyè tó nípọn yẹn ló ti ń rí i, ìfun rẹ̀ kò sì lè gba ààbò náà wọlé mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 24. Láàárín wákàtí 2 ló dára jù kó mu ún, ẹ má jẹ́ kó kọjá 6. Ọmọ tó wọn kílò 35 ń fẹ́ lítà 3 sí 4. Bó bá ti pé wákàtí 2 tí kò tíì dìde wá ọmú, ẹ so ìyá mọ́lẹ̀, ẹ fún wàrà náà sínú ìgò onírọ́bà tó mọ́, kí ẹ fi fún un. Ẹ ri ìwọ́ rẹ̀ bọ inú oògùn iodine 7% pẹ̀lú. Ọmọ tí kò mu wàrà yìí lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru ní ọjọ́ kẹta sí ìkeje, nígbà tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Nítorí náà, láti ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ bá ku ọ̀sẹ̀ kan títí dé ìgbẹ̀yìn, ẹ̀yin méjèèjì kò gbọdọ̀ kúrò nílé pọ̀. Ẹ máa yẹ àwọn tó ń bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́ wò lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru. Ohun kan wà tí yóò dín àìsùn kù: ẹ máa fún àwọn aboyún lóúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ nìkan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìbímọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yóò máa bímọ lójú ọ̀sán. Kò sí ẹni tó fẹnu kò lórí ìdí rẹ̀ pátápátá, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń sin màálù sì ti ń lò ó tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èyí tó tóbi jù nínú iṣẹ́ tí àgbẹ̀ ẹlẹ́ran ń ṣe fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, orí ilẹ̀ tirẹ̀ ló ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo ń sọ: ọgbà, àrùn àti iná. Ẹni tó ń wá sí gbogbo ìpàdé, tí màálù rẹ̀ ń jẹ àgbàdo olóko kejì lóru, ọ̀tá ẹgbẹ́ ni, bó ti wù kó mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó.

Ọgbà tó bá wó, igun ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo igun ọgbà yín lọ́la. Òpó igun gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó wọlẹ̀ tó mítà 1, kó tó mítà 1.2 bí ilẹ̀ bá rọ̀. Òpó kejì á wà ní mítà 2 sí 2.5 sí i lójú ọ̀nà wáyà, igi ìdábùú á so orí àwọn méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà ni wáyà ìfàmọ́ra tí a fi igi kékeré lọ́ títí yóò fi le. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni wáyà ìfàmọ́ra yìí. Orí òpó kejì ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kó sì parí sí ìdí òpó igun. Ẹni tó bá gbé e láti orí òpó igun sí ìdí òpó kejì, iṣẹ́ asán ló ṣe: wáyà ọgbà ń fa òpó igun síwájú, igi ìdábùú ń ti òpó kejì, kò sì sí ohun tó di orí rẹ̀ mú. Láàárín oṣù díẹ̀ òpó igun yóò tẹ̀, gbogbo wáyà yóò dẹ̀, màálù á sì mọ̀ kí ẹ̀yin tó mọ̀. Àwọn òpó àárín lè wà ní mítà 4 sí 5 síra wọn, kí wáyà ẹlẹ́gùn-ún jẹ́ okùn mẹ́rin ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ọgbà oníná ni ẹ ń lò, ibi tó jìnnà jù sí ẹ̀rọ ni kí ẹ ti wọn iná rẹ̀. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá fólítì (ìwọ̀n agbára iná) 3,000 níbẹ̀, màálù tébi ń pa kò ní kà á sí. Koríko tó kan wáyà ló sábà ń mu iná náà.

Ta ló ń tún ọgbà tó wà ní ààlà ṣe? Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu lásán. Ẹ̀yin àti aládùúgbò yín, ẹ dúró ní àárín ààlà náà gan-an, kí ẹ kọjú síra yín. Apá tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún kálukú ni tirẹ̀ títí láé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kun òpó àárín ní ọ̀dà. Ìlànà yìí ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ran ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà tipẹ́, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ẹjọ́.

Ní ti àrùn, ẹran tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ọjọ́ 30 ni kó dá wà níbi tí kò ti ní fimú kan ẹran yín tàbí ti aládùúgbò. Ẹ máa bọ́ ọ kẹ́yìn, pẹ̀lú bààfù tirẹ̀ àti bàtà tí ẹ kì í wọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Àrùn ẹnu àti pátákò lè fara pamọ́ tó ọjọ́ 14 kó tó yọjú, ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ kan kò fi tó. Bí oyún bá bàjẹ́ lára abo, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan oyún náà tàbí ibi ọmọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ àrùn brucellosis, èyí tó ń ran èèyàn láti ara ohun tí ẹran bí àti wàrà tútù tí a kò sè. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí dókítà ẹran lè mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí ẹ sin ìyókù jìn níbi tí ajá ò ti ní hú u. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ojú máa ń ti èèyàn láti sọ ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àrùn pamọ́ títí ó fi wọ agbo ẹlòmíràn, wọn ò ní gbàgbé é fún un.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ibi tí ẹgbẹ́ ti ń wúlò jù lọ, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìgò. Ẹ wo abẹ́rẹ́ àrùn PPR tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn: ìgò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹran 50 tàbí 100. Bí a bá ti pò ó, kò ṣeé tọ́jú di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ní ewúrẹ́ 12 tó dá ra ìgò ti 100 yóò da 88 nù. Àgbẹ̀ mẹ́jọ tó kó ẹran wọn jọ sójú kan ní òwúrọ̀ kan náà yóò lo gbogbo rẹ̀, ìrìnàjò kan ni dókítà yóò rìn, àrùn náà kò sì ní rí agbo tí yóò fẹsẹ̀ lé ládùúgbò. Láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ni kó máa wà nínú kúlà láti ilé oògùn títí dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa mú kúlà náà lọ́wọ́, kí ó má jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ayé. Báyìí ni wọ́n ṣe lé rinderpest, àjàkálẹ̀ tó ti pa màálù láìmọye fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kúrò láyé: lọ́dún 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti tán pátápátá.

Iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí koríko tó gbẹ, ẹ ro ilẹ̀ kan mọ́ tónítóní, tó fẹ̀ tó mítà 4 sí 5, yí ààlà ká, kó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ níbi tí koríko bá ga. Kí ẹnu ọ̀nà oko yín fẹ̀ tó mítà 4 kí ọkọ̀ omi lè wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ sun pápá kò gbọdọ̀ dáná láìsọ fún gbogbo ẹni tó bá a pààlà.

Ó wá ku àáró. Ohun tó ń ba àáró jẹ́ kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, àìkọsílẹ̀ ni. Ẹ̀yin rò pé gbèsè ọjọ́ méjì lẹ jẹ, wọ́n rò pé mẹ́rin ni, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá di akọ̀wé, ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ là: ọjọ́, oko ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún, ẹni tó wá, wákàtí tó lò, ohun tó mú dání. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ìwọ̀n rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí ẹni tó wá pẹ̀lú katakata kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó wá pẹ̀lú àdá. Ẹgbẹ́ kan lè sọ pé ọ̀kan jẹ́ mẹ́ta, òmíràn á ní mẹ́rin. Kò sí èyí tó burú, kí ó ṣáà ti wà lákọsílẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí gbèsè ní òpin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ju ọjọ́ mẹ́fà lọ kó tó san nínú rẹ̀.

Kí àáró má sì máa yí ká bí orúkọ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kó sọ ẹni tó kàn. Nígbà ìkórè àgbàdo, oko tó gbẹ jù, tó sì sún mọ́ ibi tí ẹran ń jẹ̀ jù, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́. Àgbàdo tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 20 sí 25% ti ṣeé ṣẹ́ bí ibi tí ẹ ó sá a sí bá wà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó yín in sínú àpò kó o pamọ́, ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé 13%. Ẹgbẹ́ lè jọ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n. Eyín tí èèyàn fi ń fọ́ ọ wò kì í sọ òótọ́ délẹ̀, ìpele 15% dùn létí bí èyí tó ti gbẹ, èbu á sì jẹ ẹ́ nínú àká.

Ẹ sì lè san àáró láìjẹ́ pé ẹ kúrò nílé. Mo rò pé èyí gan-an ló yẹ yín. Ẹ sọ fún wọn pé ní ọ̀sẹ̀ ìbímọ, ẹ ó máa se oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, ẹ ó máa bá wọn pọ́n àdá àti abẹ ẹ̀rọ, ẹ ó gba ẹran ẹni tó rìnrìn àjò sí ọgbà yín fún ọjọ́ mélòó kan bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá pé, kí wọ́n sì kà á sí àáró. Wákàtí ni wákàtí ń jẹ́.

Katakata àyálò ń fẹ́ òfin tirẹ̀. Aago wákàtí wà níwájú awakọ̀: ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ nígbà tí ẹ gbà á àti nígbà tí ẹ dá a padà. Wákàtí yẹn ni kí ẹ fi máa san owó ìtọ́jú sínú àpò ẹgbẹ́, yàtọ̀ sí epo. Ọ̀pọ̀ katakata onídísù ń fẹ́ ọ́ìlì tuntun ní wákàtí 250-250, gíríìsì lójoojúmọ́. Bí kò bá sí ẹni tó ń ka wákàtí, gbogbo èèyàn ni yóò rò pé ẹlòmíràn ti pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó dá a padà, kì í ṣe nítorí ẹwà. Irúgbìn striga, èpò tó ń ba àgbàdo jẹ́, kéré bí eruku, ó lè wà láàyè nínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ, erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ táyà ni yóò sì gbé e láti oko ẹnì kan dé ti èkejì. Ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìbòrí rẹ̀ bá ti fọ́, ẹ má gbà á, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni. Aṣọ tó bá kàn án, kò sí ẹni tó lè yára fà á kúrò.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ní pápá àjọni, òfin tó dára jù tí mo mọ̀ ti pẹ́ gan-an. Ní abúlé Törbel, lórí òkè ní Switzerland, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1517 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó màálù lọ sí pápá òkè ju iye tó lè bọ́ ní ìgbà òtútù lọ. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ó ṣeé kà. Màálù tó wọn kílò 400 ń jẹ nǹkan bí kílò 8 sí 10 oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́. Fún ogún màálù, bí ọjọ́ tí koríko kò ní sí bá jẹ́ 120, 20 × 10 × 120 jẹ́ kílò 24,000. Ẹni tí kò bá ní tọ́ọ̀nù 24 tàbí ilẹ̀ tí yóò ti rí i, kò yẹ kó kó ogún wá sí pápá àjọni.

Nípa ipò akọ̀wé, ẹ gbà á fún ọdún kan, kí ẹ sọ àdéhùn yín lójú gbogbo ẹgbẹ́: ẹ kò ní wá sípàdé ní ọ̀sẹ̀ ìbímọ, igbákejì yóò kọ̀wé, ìpàdé kò ní ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kó má máa fò kiri. Ẹ parí àkọsílẹ̀ ìpàdé kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun mẹ́ta ni kó wà nínú rẹ̀: ohun tí a fẹnu kò lé, ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí. Àwíjàre gbogbo ènìyàn kò pọn dandan. Ẹ má fọwọ́ kan owó. Akápò ni ti owó, ènìyàn méjì ni kó máa fọwọ́ sí i kó tó jáde, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sókè ní gbogbo ìpàdé, bó ti wù kó kéré tó.

Kí ẹ tó gbà, ẹ kọ ìwé ilé yín. Ojú ìwé kan ni, tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ibi tí ẹ ń kó oúnjẹ ẹran sí: iye ẹran àti nọ́ńbà etí wọn, ohun tí agbo kọ̀ọ̀kan ń jẹ ní kílò, ibi tí omi ti ń wọlé àti bí a ṣe ń tì í, ẹran tó máa ń kàn èèyàn, nọ́ńbà dókítà ẹran. Ẹ kọ iye omi náà síbẹ̀. Ogún màálù lè mu tó lítà 1,000 lójúmọ́, ó sì máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ nígbà ooru, aládùúgbò tó bá wá rọ́pò yín kò sì ní mọ̀ pé páìpù ti dí àfi bó bá mọ iye tó yẹ kó rí. Kí ẹ pe ẹni méjì wá, kí wọ́n fi ìwé yẹn ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀ kan lójú yín láìjẹ́ pé ẹ la ẹnu. Ibi tí wọ́n bá ti bi yín ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni ìwé náà kù sí. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yín bá dá, ìwé yìí ni yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí ìfẹ́ nìkan kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ó ku aládùúgbò tó ń gbà tí kì í san. Ẹ má bá a jà lóko. Akọ̀wé ni yín, ìwé ni kó sọ̀rọ̀: ní ìpàdé tó kàn, ẹ ka gbèsè gbogbo ènìyàn, tiyín náà, láti orí dé ìdí, láìfi ohùn yàtọ̀ kankan ka tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ á san lọ́sẹ̀ yẹn. Bí kò bá san, alága àti ẹnì kan tó dàgbà nínú ẹgbẹ́ ni kó lọ bá a nílé láti mọ ohun tó dé, torí nígbà mìíràn àìsàn tàbí ìtìjú ló wà nídìí rẹ̀, ẹni tí kò ní irinṣẹ́ a sì máa sá fún iṣẹ́. Kí wọ́n fún un ní ọ̀nà mìíràn láti san: koríko, irúgbìn, ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò fi da ẹran. Bó bá tún kọ̀, òfin gbèsè ọjọ́ mẹ́fà ni yóò dá a dúró: kò ní rí àáró gbà mọ́, katakata kò sì ní lọ sí oko rẹ̀ títí yóò fi san.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ẹ kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ láé, bó ti wù kí inú bí yín tó: abẹ́rẹ́ àjẹsára àti iná. Ẹ ka ẹran rẹ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kí ẹ sì kọ owó rẹ̀ sí gbèsè rẹ̀. Bí pápá rẹ̀ bá ń jó, gbogbo yín ni kó lọ pa á. Àrùn tó bá wọ agbo rẹ̀ kò ní béèrè ìwé àáró kó tó kọjá sí tiyín.